Àmì-ẹ̀yẹ, ìwé ìyẹ́sí àbí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún: èwo ló yẹ àgbà onímọ̀ tí ẹ fẹ́ bọlá fún?

Ẹgbẹ́ onímọ̀ kan, tàbí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ní yunifásítì, tàbí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ jókòó, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́: àgbà tó fi ogójì ọdún tún ìmọ̀ wọn ṣe, ó yẹ kí wọ́n yẹ́ ẹ sí. Gbogbo ènìyàn gbà. Ibi tí wọn yóò gbé e gbà ni ọ̀rọ̀ ti ń dì. Ẹnìkan ní àmì-ẹ̀yẹ ni. Ẹlòmíì ní ìwé ni kí wọ́n kọ. Ẹnìkẹta ní kí wọ́n lọ bá yunifásítì fún oyè ìdánilọ́lá. Oṣù mẹ́fà á kọjá, wọn ò tíì mú ọ̀kan, ọjọ́ ò sì dúró de àgbà náà.

Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ la kọ ìfiwéra yìí fún. Ọ̀nà mẹ́fà ló wà, wọn ò sì jọra rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà, "ìbọlá", ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu àwa ènìyàn.

Ohun tí a fi wọ̀n wọ́n

Àkókò ló ṣíwájú, òun náà sì ni àwọn ìgbìmọ̀ sábà ń rò gbẹ̀yìn. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ yẹ́ sí bá ti lé ní 80, tàbí tí ara rẹ̀ kò le mọ́, ohunkóhun tó máa gba ọdún mẹ́ta kò bá a mu. Ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn ńlá ni kì í sí fún olóògbé. Láti 1974 ni òfin ẹ̀bùn Nobel ti sọ pé wọn kò ní fún ẹni tó ti kú, àfi bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ìkéde ló kú. Ní 2011, Ralph Steinman, tí wọ́n yàn fún Nobel ti ìṣègùn, jáde láyé ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìkéde, àwọn tó yàn án kò sì gbọ́. Nítorí pé wọn ò mọ̀, wọ́n jẹ́ kí ẹ̀bùn náà dúró. Ìgbìmọ̀ tó bá gbẹ́kẹ̀ lé irú àyè bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ jù.

Èkejì ni ẹni tó ṣe ìdájọ́. Ọwọ́ àwọn tó yan ènìyàn ni iyì ẹ̀bùn wà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá yẹ́ olùkọ́ wọn sí, ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n má pè é ní ẹ̀bùn gbogbo ìmọ̀ náà.

Ẹ̀kẹta ni owó, oríṣi méjì ló sì wà: owó tí ẹ máa ná lẹ́ẹ̀kan, àti owó tí ẹ ti fọwọ́ sí pé ẹ ó máa ná lọ́dọọdún. Ìkejì yìí ló ń pa ẹgbẹ́ kéékèèké. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ọrùn ẹni tí iṣẹ́ náà máa wà, àti ohun tó máa ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá ká àga kúrò nílẹ̀ tán.

Àmì-ẹ̀yẹ iṣẹ́ ìgbésí ayé láti ọwọ́ ẹgbẹ́ onímọ̀

Fún ẹgbẹ́ tó ti ní àpérò àti jọ́nà tirẹ̀, kò sí èyí tó tó o. Ìnáwó rẹ̀ kò pọ̀: àwo tàbí àmì tí wọ́n fín orúkọ sí, owó ọkọ̀ àti ilé ìgbé fún àgbà náà àti ẹnìkan tó máa tẹ̀ lé e. Ẹ má yọ ẹnìkejì yẹn kúrò nínú ètò ìnáwó. Ẹni ọdún 78 kì í dá rìnrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹgbẹ́ Association for Computational Linguistics, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ èdè lórí kọ̀ǹpútà, bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2002, Aravind Joshi ló sì kọ́kọ́ gbà á. Iyì ẹ̀bùn náà kò sí nínú owó. Ẹni tó bá gbà á a máa bá àpérò sọ̀rọ̀, wọ́n a sì máa tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú jọ́nà ẹgbẹ́. Ohun tí a kì í rí nínú àpilẹ̀kọ ìwádìí ni àgbà máa ń sọ níbẹ̀: ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ tí kò já síbi kankan, ìbéèrè tí gbogbo ayé pa tì láìtó àkókò, ìdí tí wọ́n fi yan èyí tí wọ́n yàn. Ẹgbẹ́ yòówù tó bá fẹ́ dá àmì-ẹ̀yẹ sílẹ̀, kó mú ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ọn. Bí ẹ bá yọ ọ́, àwo nìkan ló kù.

Ẹ ronú dáadáa kí ẹ tó sọ pé ọdọọdún ni. Àwọn onímọ̀ nípa wíwá àkọsílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ìyẹn ẹgbẹ́ SIGIR ti ACM, ń fi Salton Award fúnni láti 1983, nígbà tí Gerard Salton fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ gbà á; ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n wá ń ṣe é. Ìdí rẹ̀ rọrùn láti rí. Ẹ ka àwọn àgbà tí iṣẹ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ nínú ìmọ̀ yín lónìí. Bí wọn ò bá ju mẹ́jọ lọ, tí ẹ sì ń fún ọ̀kan lọ́dún, kó tó pé ọdún mẹ́wàá ẹ ó máa wá ẹni tí ẹ máa fún. Nígbà náà ni ẹ̀bùn á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ẹni rere tí kò tíì tó àkókò wọn lọ́wọ́, àwọn tó ti gbà á tẹ́lẹ̀ á sì pàdánù nínú iyì tiwọn.

Ohun mìíràn tó máa ń da ìgbìmọ̀ láàmú ni kí wọ́n kó iṣẹ́ ìgbésí ayé àti iṣẹ́ kan ṣoṣo tó yí ayé padà sínú agbọ̀n kan. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò Amẹ́ríkà, American Mathematical Society, ti yanjú èyí: láti 1993 ni wọ́n ti pín Steele Prize sí mẹ́ta, ọ̀kan fún iṣẹ́ ìgbésí ayé, ọ̀kan fún kíkọ ìmọ̀ kó yé ènìyàn, ọ̀kan fún ìwádìí kan tó ṣí ọ̀nà. Ẹgbẹ́ kékeré kò nílò mẹ́ta, ṣùgbọ́n kí òfin yín sọ ní gbólóhùn kan èyí tí ẹ ń wá.

Ẹ kọ òfin sílẹ̀ kí orúkọ àkọ́kọ́ tó dé, torí pé lẹ́yìn ìgbà náà, gbogbo òfin á dà bí èyí tí ẹ ṣe nítorí ẹnìkan. Ènìyàn márùn-ún tó fún ìgbìmọ̀, kí kálukú lo ọdún mẹ́ta, kí wọ́n má sì jọ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹni tó wà nípò lẹ́gbẹ́ má lè gbà á nígbà tó ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àgbà náà, tàbí tó bá a kọ ìwé pọ̀, kó jáde nínú yàrá nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá délẹ̀. Orúkọ tí kò bá wọlé lọ́dún yìí, kó wà nílẹ̀ fún ọdún méjì sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún kọ̀wé. Kí ìgbìmọ̀ sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kò sí ẹni tó yẹ ní ọdún yìí.

Ní ti ohun tó máa ń bàjẹ́, èyí tó burú jù kì í ṣe ojúsàájú tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò fà kalẹ̀ ni. Láti 1968 ni Robert Merton, onímọ̀ nípa àwùjọ, ti ṣàlàyé bí ẹni tó ti lókìkí ṣe ń gba ìyìn kún ìyìn nígbà tí akẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣe irú iṣẹ́ kan náà wà lókùnkùn. Ní 1993, òpìtàn Margaret Rossiter fi hàn bí èyí ṣe ń kan àwọn obìnrin onímọ̀. Ẹ wo ọjọ́: Turing Award, ẹ̀bùn ńlá ti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, bẹ̀rẹ̀ ní 1966, ó di 2006 kí obìnrin àkọ́kọ́, Frances Allen, tó gbà á. Abel Prize ti ìmọ̀ ìṣirò bẹ̀rẹ̀ ní 2003, Karen Uhlenbeck sì ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀, ní 2019. Ìgbìmọ̀ tó bá jókòó de lẹ́tà, lẹ́tà nípa àwọn olókìkí ló máa rí. Ẹ sọ ọ́ di ojúṣe pé kí ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan mú orúkọ méjì wá, orúkọ ẹni tó yẹ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ̀wé nípa rẹ̀, ní oṣù kan kí àkókò tó tán. Lẹ́yìn náà kí wọ́n wá ẹni tó máa kọ̀wé náà.

Lẹ́tà ìfàkalẹ̀ ni iṣẹ́ náà gan-an. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Akọni onímọ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí, òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri àgbáyé, ó sì ti kọ ìwé púpọ̀." Kò sí ẹni tí a kò lè sọ ọ́ nípa rẹ̀. Ẹ wá wo èyí: "Kí ó tó gbé àbájáde rẹ̀ jáde, ohùn méjì ni gbogbo ìwé gírámà ń kà fún èdè náà, òun ló fi hàn pé mẹ́ta ni, gbogbo ìwé tí a kọ lẹ́yìn rẹ̀ ló sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀." Ìkejì sọ ohun tí ìmọ̀ náà kò lè ṣe kó tó dé àti ohun tó ń ṣe báyìí. Irú gbólóhùn mẹ́ta bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ márùn-ún tó ṣe pàtàkì jù (kì í ṣe gbogbo igba àpilẹ̀kọ), orúkọ àwọn tó tọ́ dàgbà nínú iṣẹ́ àti ibi tí wọ́n wà, lẹ́tà ìtìlẹ́yìn mẹ́ta tí ó kéré tán méjì nínú rẹ̀ wá láti ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ojú ewé méjì tó fún lẹ́tà àkọ́kọ́.

Oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú àpérò ni kí ìfàkalẹ̀ ṣí, kó pa dé ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, kí àgbà náà sì gbọ́ nígbà tó bá ku oṣù mẹ́rin, nítorí físà àti dókítà. Ẹ béèrè bóyá ó máa gbà á kí ẹ tó kéde. Onímọ̀ ìṣirò Grigori Perelman kọ Fields Medal, ẹ̀bùn ńlá ti ìmọ̀ ìṣirò, ní 2006, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ẹ fi orúkọ náà ránṣẹ́ sí òun tàbí ìdílé rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì orí àti abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó fín in sára àwo. Orúkọ tí wọ́n fín ṣì kì í ṣeé pa rẹ́. Ẹni tó máa ka ọ̀rọ̀ ìyẹ́sí, kó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ náà kó tó gun orí pèpéle. Kí pèpéle náà sì ní ohun ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn.

Bí ẹ bá ń ro ti kí ẹ fi orúkọ ẹnìkan pe ẹ̀bùn náà, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2020, ẹgbẹ́ COPSS ti àwọn onímọ̀ sitatísíìkì yọ orúkọ R. A. Fisher kúrò lára ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn nítorí èrò rẹ̀ pé kí a máa ṣa irú ènìyàn tó yẹ kó bímọ. Orúkọ ẹgbẹ́ lásán kì í dá irú wàhálà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ìwé ìyẹ́sí

Èyí ni ìwé tí akẹgbẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kọ àpilẹ̀kọ sí láti fi yẹ́ ẹnìkan sí, ìgbà ọjọ́ ìbí 65 tàbí 70, tàbí ìgbà ìfẹ̀yìntì. Òun ló gbóná jù lọ́kàn ẹni tó gbà á, òun náà ló sì ń gba agbára jù lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Láti ọjọ́ tí ẹ bá kọ̀wé pe àwọn ènìyàn títí di ọjọ́ tí ìwé jáde, ẹ ka ọdún méjì àbọ̀. Ẹ pe ogún ènìyàn bí ẹ bá fẹ́ mẹ́rìnlá. Àwọn tó ṣèlérí kíákíá jù ló máa ń pẹ́ jù.

Àrùn rẹ̀ ni pé ẹlòmíì á mú àpilẹ̀kọ tí jọ́nà méjì ti kọ̀ wá fi há ibẹ̀. Olóòtú kì í fẹ́ kọ̀ ọ́ nítorí ojú àgbà, ìwé á sì di àkójọ àṣẹ́kù. Oògùn rẹ̀ ni pé kí ẹ fún gbogbo wọn ní ìbéèrè kan láti inú iṣẹ́ àgbà náà: "Kí ni iṣẹ́ yìí jẹ́ ká lè ṣe, ibo ló sì ti yẹ ká tún un ṣe?" Ẹ sọ ọ́ nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ pé olùyẹ̀wò méjì láti ìta ló máa ka àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan, kó má bàa jẹ́ ẹnu olóòtú ni "rárá" ti máa jáde.

Àbùkù kejì: àpilẹ̀kọ inú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í tètè hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé náà sì lè wọ́n débi pé ilé ìkàwé nìkan ló máa rà á. Bí jọ́nà kan bá gbà láti fi odidi àtẹ̀jáde kan yẹ́ ẹni náà sí, a fara mọ́ ọn ju ìwé lọ. Àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan á ní DOI tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a fi ń rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọdún kan lè tó, owó rẹ̀ sì kéré.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ ṣe àkójọ gbogbo iṣẹ́ tí àgbà náà tẹ̀ jáde sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì jókòó tì í láti yẹ̀ ẹ́ wò. Òun nìkan ló mọ ọdún tí àpilẹ̀kọ inú jọ́nà tó ti kógbá wọlé jáde. Ojú ewé wọ̀nyẹn ni àwọn olùwádìí máa ń ṣí jù, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú ìyókù bá ti gbó.

Oyè ìdánilọ́lá

Ẹni tó ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n láti ọgbọ̀n ọdún kò fi bẹ́ẹ̀ nílò oyè ọ̀mọ̀wé kejì. Ẹni tí oyè yìí bá mu gan-an ni onímọ̀ tí kò gba ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wọlé: ẹni tó ṣàkójọ ọ̀rọ̀ èdè ní gbogbo ayé rẹ̀, tàbí tó mọ ewéko ju àwọn tó ń kọ́ni lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Benjamin Franklin nígbà tó fi ilé ìwé sílẹ̀. Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù, fún un ní Copley Medal ní 1753 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí iná mànàmáná, yunifásítì St Andrews sì fi oyè dókítà dá a lọ́lá ní 1759. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Dókítà Franklin.

Àwọn ìgbìmọ̀ yunifásítì ló máa pinnu, kì í ṣe ẹ̀yin, ọ̀rọ̀ òṣèlú àti olówó sì máa ń wọ̀ ọ́. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rí i dájú pé ilé ẹ̀kọ́ náà ń ṣe é: yunifásítì MIT àti Cornell ní Amẹ́ríkà kì í fúnni.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀

Bí ó bá rí owó tó dúró, ó lè pẹ́ láyé ju gbogbo wa lọ. Owó tí Adam Gifford fi sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún rẹ̀ ló bí Gifford Lectures ní 1888, ó sì ń lọ títí dòní ní yunifásítì mẹ́rin ní Skọ́tíláńdì. Bí kò bá rí owó, ọdún kẹrin ló máa ń kú: àwọn tó dá a sílẹ̀ ti ṣípò, ènìyàn mẹ́tàlá ló wà nínú gbọ̀ngàn, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò sì mọ ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà.

Ẹ má kéde rẹ̀ títí ẹ ó fi ní olùsọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́ta lọ́wọ́. Bí àgbà náà bá ṣì wà, kó sọ ti àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀. Kí lẹ́tà ìpè béèrè pé kí olùsọ̀rọ̀ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá iṣẹ́ àgbà náà jà tàbí kó kọ́lé lé e lórí. Ẹ gba ohùn sílẹ̀, ẹ sì tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde kí ọdún tó yí po.

Ẹ̀bùn tàbí owó ẹ̀kọ́ fún ọ̀dọ́ lórúkọ rẹ̀

Ọ̀pọ̀ àgbà, bí ẹ bá bi wọ́n, èyí ni wọn ó mú. Ní 2018, Jocelyn Bell Burnell, onímọ̀ físíìsì, gba Breakthrough Prize àkànṣe, mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là, ó sì fi gbogbo rẹ̀ dá owó ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ìwádìí nínú físíìsì, àwọn tí irú wọn kò pọ̀ níbẹ̀, nípasẹ̀ Institute of Physics.

Ìṣirò rẹ̀ ló máa ń yani lẹ́nu. Kí owó ìpìlẹ̀ má bàa jó rẹ̀yìn, ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló bọ́gbọ́n mu láti ná lọ́dún. Ìyẹn ni pé ohun tí ẹ bá fẹ́ máa fúnni lọ́dún, ẹ nílò ìlọ́po 25 rẹ̀ nílẹ̀: ẹ̀bùn 2,000 dọ́là ń béèrè 50,000. Bí ohun tí ẹ ní kò bá ju 10,000 lọ, ẹ má pè é ní títí ayé. Ẹ sọ pé ọdún márùn-ún ni, 2,000 lọ́dún, kí ó parí pẹ̀lú iyì. Kí ìwé àdéhùn sì sọ ibi tí owó máa lọ bí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà bá pa dé.

Fífà á kalẹ̀ fún ẹ̀bùn ńlá tó ti wà

Kò ná yín ju lẹ́tà lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń fi ọjọ́ ìbí lé. Ẹ ka òfin ọ̀kọ̀ọ̀kan dáadáa. Nobel ti físíìsì, kẹ́mísìrì àti ìṣègùn, àwárí ló ń bọlá fún, kì í ṣe ìgbésí ayé. Àwọn tí wọ́n bá fún láyè nìkan ló lè fa ènìyàn kalẹ̀, ó ń pa dé ní 31 oṣù kìíní, orúkọ àwọn tí wọ́n fà kalẹ̀ sì wà ní ìpamọ́ fún ọdún 50. Fields Medal kò sí fún ẹni tó ti kọjá 40. Abel Prize ló sún mọ́ iṣẹ́ ìgbésí ayé fún àwọn onímọ̀ ìṣirò, kò sì sí ẹni tó lè fa ara rẹ̀ kalẹ̀. Fún ìmọ̀ èdè, ìtàn, òfin, ẹ̀sìn àti àwùjọ, ẹ wo Holberg Prize ti Nọ́wè, tí Julia Kristeva kọ́kọ́ gbà ní 2004. Ẹ má sọ fún àgbà náà pé ẹ fà á kalẹ̀. Ìrètí ọdún mẹ́fà kì í ṣe ẹ̀bùn.

Lẹ́tà kan tún wà tó máa ń wọlé sí í-meèlì àwọn onímọ̀: "A ti yàn yín fún àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé, ẹ san owó ètò." Ẹ̀bùn tòótọ́ kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń yẹ́ sí. Ẹ wá orúkọ àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ aṣàyàn rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ pa á rẹ́.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹgbẹ́ tó ní àpérò àti jọ́nà, tí àgbà rẹ̀ ju mẹ́jọ lọ: àmì-ẹ̀yẹ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa tẹ̀. Bí àgbà bá kéré sí i, àmì-ẹ̀yẹ ọdún mẹ́ta-mẹ́ta.

Akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí kò lówó ṣùgbọ́n tí wọ́n lè kọ̀wé: àtẹ̀jáde àkànṣe jọ́nà, kí ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn, tí kì í bẹ̀rù láti rán ènìyàn létí, jẹ́ olóòtú àgbà. Ìwé gan-an, àfi bí àgbà náà bá wà lábẹ́ 70 tí ara rẹ̀ sì le.

Ìdílé tàbí olówó tó fẹ́ kí orúkọ náà pẹ́: owó ẹ̀kọ́ fún ọ̀dọ́, bí ìlọ́po 25 bá pé. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún yẹ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó ní òṣìṣẹ́ tí ètò náà jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, kì í ṣe ẹni tó ń fi ojú àánú ṣe é.

Onímọ̀ tí kò ní ìwé ẹ̀rí: oyè ìdánilọ́lá, lọ́dún yìí.

Bí àgbà náà bá ń ṣàìsàn, ẹ fi gbogbo èyí sílẹ̀ ná. Ẹ kó lẹ́tà ogún jọ láti ọwọ́ àwọn tó kọ́, ojú ewé kan péré fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù sọ ohun kan tó kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ṣì ń lò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó. Ẹ di í pọ̀, ẹ gbé e lọ sílé, kí ẹnìkan jókòó kà á sí i létí.